Kí ọmọ tó gboyè ọ̀mọ̀wé nípa iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó mọ iṣẹ́

Ọkọ̀ tí a wọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀ lọ sí Òṣogbo ló takú mọ́ wa lọ́wọ́ ní Sekona, tí kò jìnnà sí Ẹdẹ mọ́. Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó mi orí. Kò pẹ́ tí a fi tì í dé ibi tí bàbá mẹkáníìkì kan ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àtíbàbà. Àwọn èrò tí kò lè dúró wá ọkọ̀ mìíràn lọ, àwa yòókù jókòó lórí bẹ́ǹṣì, a ń wo bàbá náà bó ṣe ń fi etí gbọ́ ẹ́ńjìnnì gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe ń fi etí gbọ́ àyà ọmọ tó ń wúkọ́.

Nígbà tó rí ìwé àti báírò lọ́wọ́ mi, ó bi mí pé, "Ọmọ mi, iṣẹ́ wo lò ń ṣe?" Mo dáhùn pé oníwèé ìròyìn ni mí, sà. Ó ní, "Ó dára, ìwọ gan-an ni n ó bi. Ọmọ mi kan ti kàwé dé másítà. Ó tún ní òun fẹ́ lọ ka ìwé dókítà. Mo ní dókítà kí ni? Ó ní kì í ṣe èyí tó ń fún ènìyàn lábẹ́rẹ́, ó ní dókítà nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́ ni. Mo wá wo ara mi, mo wo ṣọ́ọ̀bù yìí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́ níbí, kò sí ẹni tó pè mí ní dókítà rí. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ, àbí kí n ní kó wá jókòó?"

Gbogbo àwa tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ṣe gbéra tán tí a dé Òṣogbo, ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ọmọdé ni mí, àwọn tó sì ń ka ojú ìwé yìí jù ni àwọn bàbá àti ìyá wa. Tótó ó ṣe bí òwe, ẹ jẹ́ kí n wí tèmi, bó bá ku díẹ̀ káàtó, kí ẹ fà mí létí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ọmọ bàbá náà ń wá. Lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́ ni ènìyàn ń ka másítà, lẹ́yìn másítà ló kan oyè tí à ń pe ẹni tó bá gbà á ní ọ̀mọ̀wé. Kò sí ìwé tó ga jù ú lọ ní yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í ṣe ìwé kíkà, ipò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ẹni tó fẹ́ di ọ̀mọ̀wé gbọ́dọ̀ rí ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì wádìí tán, kó wádìí rẹ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé tó nípọn, kó sì dúró níwájú àwọn àgbà onímọ̀, títí kan ẹni tí wọ́n pè wá láti yunifásítì mìíràn, kí wọ́n da ìbéèrè bò ó. Bó bá dáhùn tó tẹ́ wọn lọ́rùn, ó di ọ̀mọ̀wé nìyẹn.

Irú èyí tí ọmọ bàbá mẹkáníìkì ń wá yìí jẹ mọ́ bí a ṣe ń kọ́ àgbàlagbà níṣẹ́, bí a ṣe ń mọ̀ pé ẹni tó ní òun mọṣẹ́ mọ̀ ọ́n lóòótọ́, bí ilé iṣẹ́ ṣe lè tún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nígbà tí ẹ̀rọ tuntun bá dé, àti bí ìjọba ṣe lè mọ irú òṣìṣẹ́ tí ìlú yóò nílò ní ọdún mẹ́wàá sí àsìkò tí a wà yìí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì bíi Pennsylvania State University ní ẹ̀ka tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ibi tó sún mọ́ ọn jù ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àgbà, irú èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àti àwọn ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò ju ọ̀rọ̀ ìwé lásán lọ, kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà ṣì wà láàyè, ẹ lè jẹ́rìí sí i. Ohun rere ni, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ọmọ tó ka ìwé mẹ́fà jáde fi pọ̀ ju iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ. Wọn kò fẹ́ padà sí oko, wọn kò sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ kankan. Ìjọba ronú, wọ́n dá àwọn oko ìjọba sílẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè máa gbé ibẹ̀ dáko lọ́nà ìgbàlódé, irú èyí tó wà ní Ago-Owu àti Ẹ̀sà-Òkè. Owó wọlé sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ náà kò dúró. A kọ́ ilé, a ra ẹ̀rọ, a kò wádìí dáadáa ohun tí yóò mú ọmọ tó ti ka ìwé mẹ́fà fẹ́ràn oko.

Ní 1959, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ Ashby kalẹ̀ láti wo irú ẹ̀kọ́ gíga tí Nàìjíríà yóò nílò lẹ́yìn òmìnira. Ọ̀gbẹ́ni Frederick Harbison, ará Amẹ́ríkà, ló bá ìgbìmọ̀ náà ṣírò iye àwọn òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè yìí yóò nílò. Ìwé wọn jáde ní 1960, nígbà tó sì di 1962, ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ lórílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ní 1971 ni wọ́n dá ITF sílẹ̀, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos, kí àwọn ilé iṣẹ́ máa dá owó tí a ó fi máa kọ́ òṣìṣẹ́. Ètò tí àwọn ọmọ pólì àti yunifásítì ń tìtorí rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan, ọwọ́ ITF náà ló ti wá.

Lẹ́yìn náà ni ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 dé ní 1982. Wọ́n ní kí ọmọ máa kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ láti kékeré. Wọ́n ra ẹ̀rọ láti òkè òkun, wọ́n pín in fún ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́ nígbà náà mọ ohun tó tẹ̀lé e. Ní ibi púpọ̀, àwọn ẹ̀rọ náà kò kúrò nínú àpótí tí wọ́n fi kó wọn wá. Ibòmíràn kò ní iná mànàmáná. Ibòmíràn ní iná, ṣùgbọ́n kò ní olùkọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ náà. Ìpata ló jẹ wọ́n tán.

Kí ló dé tí mo ń ka ìtàn yìí lẹ́sẹẹsẹ? Nítorí pé àṣìṣe kan náà ni a ń ṣe láti ìgbà yẹn. A máa ń ra ohun èlò, a kì í kọ́ ẹni tí yóò kọ́ ọmọ. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ tún gbé ètò ẹ̀kọ́ tuntun jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà ni wọ́n kà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama: iṣẹ́ iná sólà, aṣọ rírán, ọ̀sìn ẹran, ìṣaralóge, àtúnṣe fóònù àti kọ̀ǹpútà, àti gbígbin òdòdó pẹ̀lú ohun ọ̀gbìn. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní abúlé tí kò jìnnà sí Sekona, ta ni yóò kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ iná sólà? Ṣé olùkọ́ tó kàwé nípa ìtàn ni, àbí ẹni tó ń fi sólà sórí òrùlé káàkiri tí kò ní ìwé ẹ̀rí tí ìjọba lè fi gbà á síṣẹ́?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀mọ̀wé nípa kíkọ́ òṣìṣẹ́ ti wúlò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú ohun tó wà lórí ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, kó tú u palẹ̀, kó wò ó pé kí ni a ó kọ́kọ́ kọ́ ọmọ, kí ni yóò tẹ̀lé e, oṣù mélòó ni yóò gbà, báwo ni a ó sì ṣe dán an wò. Tirẹ̀ náà ni láti kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ. Bí a bá ní irú wọn tó pọ̀, tí wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, owó tí ìjọba ń ná kò ní máa wọ ilẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí bàbá yẹn ni pé kó jẹ́ kí ọmọ náà lọ. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kó bá ọmọ náà sọ kó tó lọ, òun sì ni kókó ohun tí mo ń wí lónìí: ẹni tí yóò gboyè nípa bí a ṣe ń kọ́ni níṣẹ́, kó ti ṣe iṣẹ́ kan rí, kó sì lọ ṣe ìwádìí rẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, orúkọ ló gbà, kò gba ìmọ̀.

Mo sọ èyí nítorí ohun tí èmi náà rí nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ń wá oyè yìí, ọ̀pọ̀ wọn kì í lọ jìnnà. Wọn á tẹ ìwé ìbéèrè, wọn á pín in fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti òṣìṣẹ́ báńkì tó wà nítòsí, àwọn yẹn á fi àmì sí i láìkà á dáadáa, wọn á kó o padà, wọn á ṣírò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Kò sí ohun tó burú nínú ìwé ìbéèrè. Ṣùgbọ́n níbo ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ti ń kọ́ṣẹ́? Kì í ṣe ní báńkì. Lọ́dọ̀ télọ̀ ni, lọ́dọ̀ káfíńtà, lọ́dọ̀ rewáyà, lọ́dọ̀ wẹ́dà, lọ́dọ̀ onídìrí, lọ́dọ̀ bíríkìlà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń kọ́ni níṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò dé abẹ́ àtíbàbà, ó dà bí ẹni tó ń kọ̀wé nípa odò tí kò wẹsẹ̀ níbẹ̀ rí.

Ìmọ̀ wà lábẹ́ àtíbàbà yẹn lóòótọ́. Bàbá wa ní Sekona sọ fún mi pé òun kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tuntun fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Sípánà ni yóò máa mú wá, títí tí yóò fi mọ nọ́ńbà rẹ̀ láìwò ó. Mo bi í pé kí ló fà á. Ó ní, "Ẹni tí kò bá lè sin ẹ̀rọ kò lè pàṣẹ fún un." Ètò ẹ̀kọ́ nìyẹn! Kò kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Nígbà tí ọmọ bá sì parí, tí wọ́n bá ṣe frídọ̀mù fún un, tí ọ̀gá gbàdúrà fún un níwájú ẹgbẹ́ àti ẹbí, ìdánwò àti àyẹyẹ ìgboyè nìyẹn jẹ́.

Àmọ́ o, kí a má tan ara wa. Ọ̀gá náà ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé. Ọkọ̀ tí wọ́n ń kó wọlé báyìí, kọ̀ǹpútà ló kún inú wọn. Etí nìkan kò lè gbọ́ ohun tó ń ṣe wọ́n mọ́. Bàbá náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé, òun máa ń ní kí wọ́n gbé e lọ sí Òṣogbo ni. Àwọn ọ̀gá mìíràn sì wà tí wọ́n ń fi ọmọ iṣẹ́ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀: yóò pọnmi, yóò fọṣọ, yóò lọ sí oko, ọdún mẹ́rin á parí, kò ní mọ ju àbọ̀ iṣẹ́ lọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀mọ̀wé nílò ọ̀gá oníṣẹ́, ọ̀gá oníṣẹ́ náà nílò ọ̀mọ̀wé.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì ni mo ń béèrè. Ní ìlú Ẹdẹ níbí, ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Tìmì Láoyè, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1946 títí di 1975, mọ ìlù dùndún lù, ó sì kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá tí àwọn onímọ̀ ń kà. Ní àwọn ọdún 1950, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Ulli Beier wá ń gbé ní Ẹdẹ. Ẹ ò mọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe? Ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà lẹ́kọ̀ọ́ níta ọgbà ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ló ń bá ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949, inú rẹ̀ sì ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àgbà tí mo dárúkọ lókè ti yọ. Òun tí wọ́n ní kó wá kọ́ àgbàlagbà, lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà Ẹdẹ ló ti wá kọ́ ohun tó fi kọ ìwé nípa ọdún ìbílẹ̀ ìlú náà, tó jáde ní 1959. Ẹni tó ń kọ́ni ló di ẹni tí à ń kọ́.

Ẹ tún wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, ẹni tí wọ́n kà sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Ní Yunifásítì New York ló ti gbà á ní 1955. Kò fi oyè náà kọ́ pátákó sẹ́nu ọ̀nà kó sì jókòó. Nígbà tó wà ní Ifẹ̀, ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́tọ̀. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀mọ̀wé tó wá sínú kíláàsì ọmọ tálákà nìyẹn. Irú rẹ̀ ni mo ń sọ.

Bí a bá sì wo ìta, àwọn aládùúgbò wa ti ṣíwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé mọ̀ pé àwọn tó ń lẹ táìlì fún wa, púpọ̀ nínú wọn wá láti Kútọnu àti Tógò. Kì í ṣe pé ọwọ́ àwọn ọmọ tiwa kò mọ́. Ní orílẹ̀-èdè Benin, láti 2005 ni ìjọba ti gbé ìwé ẹ̀rí kan kalẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́: ọmọ náà yóò máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, yóò sì tún máa lọ sí ibùdó ẹ̀kọ́ fún ìwọ̀nba àkókò, ìjọba yóò wá dán an wò. Jámánì ti ṣe òfin tirẹ̀ lórí irú ètò bẹ́ẹ̀ láti 1969. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀yin àgbà rántí ìdánwò oníṣẹ́ ọwọ́ tí à ń pè ní Trade Test. Ní 2013 sì ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò ìwé ẹ̀rí tuntun fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, tó ní ìpele ìpele. Mélòó nínú àwọn ọ̀gá tó wà ní ìlú yín ló ti gbọ́ nípa rẹ̀? Bàbá wa ní Sekona kò gbọ́ ọ rí títí mo fi sọ fún un.

Ibi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn òbí ni mo dé yìí. Ìfẹ́ oyè ti ń pa wá. Ẹni tí kò kàwé fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní dókítà. Ní oṣù Kejìlá 2023, oníròyìn kan láti ìwé ìròyìn Daily Nigerian fi hàn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni òun fi gba ìwé ẹ̀rí dìgírì ní Kútọnu, ìwé tó yẹ kó gba ọdún mẹ́rin. Kíá ni ìjọba àpapọ̀ dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó sì kan àwọn ọmọ tó kàwé níbẹ̀ lóòótọ́. Bí wọ́n bá lè ra dìgírì, ẹ má rò pé wọn kò lè ra èyí tó jù ú lọ. Ẹni tó bá ní òun yóò bá ọmọ yín gba oyè ọ̀mọ̀wé ní oṣù bíi mélòó kan, olè ni. Ẹ lé e.

Oyè tòótọ́ kò yá. Ọdún mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ yunifásítì kọ sílẹ̀ pé ó kéré jù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà parí kò tíì pẹ́. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì nìkan gba oṣù mẹ́sàn-án ní 2020, ó tún gba oṣù mẹ́jọ ní 2022. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí ìwádìí lè fẹ̀yìn tì, ó lè rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun kó má padà. Gbogbo èyí ni owó àti ọjọ́ orí. Bí ọmọ bá jẹ́ obìnrin, kí a sọ òótọ́, ẹbí kò ní jẹ́ kó sinmi pé ìgbà wo ni ọkọ àti ọmọ.

Nítorí èyí, mo bẹ ẹ̀yin òbí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní oko àti abúlé: ẹ má tìtorí oyè yìí ta oko kòkó tàbí ilẹ̀ ẹbí. Dìgírì àkọ́kọ́, ẹ ṣe é bí agbára yín bá mọ. Èyí tó kù, ọmọ tó ti dàgbà ni yóò rù ú. Bó bá ti ní iṣẹ́ olùkọ́ ní pólì tàbí yunifásítì ìjọba, owó TETFund wà tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè fi ràn án lọ́wọ́ láti kàwé nílé níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dá ti òkè òkun dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, nítorí iye dọ́là àti nítorí àwọn tó lọ tí wọn kò padà. Bó bá wà ní ilé iṣẹ́ aládàáni, kó béèrè bóyá ọ̀gá rẹ̀ yóò jẹ́ kó máa kàwé pọ̀ mọ́ iṣẹ́. Ẹni tó jókòó sílé tí kò ríṣẹ́, tó wá ní òun fẹ́ fi ìwé ọ̀mọ̀wé pa àkókò, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ kan.

Kí ẹ tó gbà fún ọmọ, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yìí, ẹ kò nílò ìwé kí ẹ tó bi í. Àkọ́kọ́, "Iṣẹ́ wo lo ti ṣe rí tí o fẹ́ wádìí nípa rẹ̀?" Èkejì, "Ta ni yóò darí rẹ, ṣé ó ti gbà, ṣé ó mọ̀ nípa ohun tí o fẹ́ ṣe?" Ẹ̀kẹta, "Bí o bá parí, ta ni yóò jàǹfààní rẹ̀ yàtọ̀ sí ìwọ?" Bó bá ń kákòlòlò lórí ẹ̀kẹta, kó tún lọ rò ó.

Ọ̀rọ̀ tún kù fún àwọn yunifásítì wa. Ẹdẹ kì í ṣe ìlú tí ẹ̀kọ́ gíga ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀. Pólì ìjọba àpapọ̀ ti wà níbẹ̀ láti 1992, Yunifásítì Adeleke bẹ̀rẹ̀ ní 2011, Redeemer's náà ti kó wá. Ifẹ̀ wà lẹ́yìn, Òṣogbo wà níwájú. Pẹ̀lú gbogbo ilé ìwé yìí, ṣé ó yẹ kí ọ̀gá mẹkáníìkì ní Sekona máa ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ nítorí pé kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò? Mo dá a lábàá pé kí wọ́n sọ ọ́ di òfin: ẹnikẹ́ni tó bá ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kó tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kó padà lọ síbi ìpàdé ẹgbẹ́ wọn, kó fi èdè Yorùbá sọ ohun tó rí fún wọn, kó sì fi ìwé pẹlẹbẹ kan sílẹ̀ fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Kò ní ná wọn ní owó púpọ̀. Àwọn tó fi àkókò wọn dáhùn ìbéèrè rẹ̀ ló ni ín. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ náà, kí wọ́n má lé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá pé amí owó orí ni. Kí wọ́n jẹ́ kó jókòó, kó gbé sípánà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn á ní bí ọmọ mẹkáníìkì bá máa padà wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, kí ló wá kàwé fún? Mi ò sọ pé kó wá máa tú ẹ́ńjìnnì títí ayé. Ohun tí mo ń sọ ni pé lára àwọn tó ń wá oyè yìí, àwọn bíi tirẹ̀ ni ọwọ́ wọn yóò kọ́kọ́ tẹ òótọ́. Ó ti gbé sípánà láti kékeré. Ó mọ ọmọ iṣẹ́ tó sá lọ, ó mọ ìdí tó fi sá. Ohun tí ẹlòmíràn yóò fi ọdún méjì wá, ilé ni òun ti jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ. Bó bá wá gbàgbé rẹ̀, tó lọ pín ìwé ìbéèrè ní báńkì, a jẹ́ pé ó fi àpò iyọ̀ sílẹ̀ nílé lọ yá iyọ̀ nígboro.

Kí ọkọ̀ wa tó gbéra ní Sekona lọ́jọ́ náà, mo sọ díẹ̀ nínú èyí fún bàbá náà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. N ó jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn, èmi ni n ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí mo bá gbọ́ ọ tí kò bá iṣẹ́ wa mu, n ó ní kó tún un kọ."

Àwọn àgbà ló ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kàwé, kí wọ́n sì mọṣẹ́. Àṣẹ.